Ta ló lè bá mi tọ́jú ológbò alátọ̀gbẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ní Àjàṣẹ́?

Ìyá Alàgbà, Àjàṣẹ́ (Ouando) · Ọjọ́ Ajé, 7:40

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá wa kú ní Kétu, a sì ti dá ọjọ́ ìsìnkú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo máa lò níbẹ̀, mi ò lè dín in kù torí èmi ni àkọ́bí. Ológbò méjì tó wà lọ́wọ́ mi ló ń dà mí láàmú.

Alàgbà ti pé ọdún méjìlá, akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ni, ó sì sanra. Ó ní àtọ̀gbẹ. Abẹ́rẹ́ insulin méjì ló ń gbà lójúmọ́, aago méje àárọ̀ àti aago méje alẹ́. Dúdú, abo ọlọ́dún mẹ́ta, kò sí ohun tó ń ṣe é lára, àmọ́ bó bá gbóhùn àlejò, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbà lọ. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ ibẹ̀ á kà iye eyín tí ológbò ní.

Ọkùnrin kan wà níhìn-ín tó ń gba ajá àti ológbò sílé fún àwọn tó bá ń rìnrìn àjò. Mo lọ wo ibẹ̀ lánàá. Ilé náà mọ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun mọ abẹ́rẹ́ gún. Mo bi í pé irú sìríǹjì wo ló máa lò, ó ní, "Èyí tó bá ti wà." Oorun ò kùn mí láti ìgbà náà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Ológbò Mẹ́fà, Àjàṣẹ́ · 8:05

Ẹ kú ará fẹ́ra kù, ìyá. Ọlọ́run á tẹ́ Bàbá sáfẹ́fẹ́ rere.

Ẹ̀yin fúnra yín ti dáhùn ìbéèrè yín. Ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ gún á mọ orúkọ abẹ́rẹ́ tó ń gún. Èmi náà ti gbé ológbò lọ sílé irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí, èyí tí kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Nígbà tí mo pa dà dé lọ́jọ́ karùn-ún, abọ́ omi gbẹ táútáú. Ẹni náà ní, "Ológbò kì í kúkú mu omi púpọ̀." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ológbò oníkíndìnrín kò lè dá omi dúró sára, bó ṣe ń mu ún ló ń tọ̀ ọ́ dà nù. Bí kò bá rí omi, kíá lara rẹ̀ á gbẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ni dókítà fi ń fa omi sí i lábẹ́ awọ. Ó yè, àmọ́ owó tí mo rò pé mo dá dúró nítorí pé ọ̀dọ̀ ẹni náà rọjú, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ ni mo kó lé dókítà lọ́wọ́.

Olùrànlọ́wọ́ Dókítà Ẹran · 8:50

Ìyá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ọ̀rọ̀ sìríǹjì yẹn jù bí ilé ṣe mọ́ lọ.

Insulin tí wọ́n ṣe fún ẹran sábà máa ń jẹ́ U-40, ìyẹn ni pé ìwọ̀n 40 ló wà nínú mìlílítà kan. Ti èèyàn, tó wà nílé oògùn káàkiri, sábà máa ń jẹ́ U-100. Kálukú ló ní sìríǹjì tirẹ̀. Tí èèyàn bá fi sìríǹjì U-40 fa insulin U-100 dé ìlà 2, lójú ara rẹ̀ 2 ló gún, àmọ́ 5 ló wọ ara ológbò. Ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ nìyẹn. Tó bá ṣe òdìkejì rẹ̀, 0.8 péré ló máa wọlé, ṣúgà á sì wà lókè fún ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko. Torí náà ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ra sìríǹjì tó máa tó fún gbogbo ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ so ó mọ́ ìgò insulin pẹ̀lú rọ́bà, kẹ́ ẹ má fi òmíràn kankan sílẹ̀ nítòsí.

Ohun tó yára pa ológbò alátọ̀gbẹ ni kí ṣúgà já wálẹ̀, ju kó lọ sókè lọ. Ẹ máa rí i tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á rọ, ara á máa gbọ̀n, tàbí kó kàn dùbúlẹ̀ kó máa woni bí ẹni tí kò mọni. Oyin ni kí wọ́n fi ìka pa sí i ní èrìgì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó wá fóònù. Bí gìrì bá mú un, kí wọ́n má da nǹkan kan sí i lọ́nà ọ̀fun, kí wọ́n má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ọ̀kan tí gbogbo èèyàn máa ń ṣì: bí ológbò bá rápálá bí wọ́n ṣe ń gún un, tí kò dá wọn lójú pé abẹ́rẹ́ wọlé, kí wọ́n má tún òmíràn gún. Àfojúfò kan kò ní pa á. Àgúnpọ̀ lè pa á.

Ará Kétu · 9:30

Wọ́n ní bí ológìnní bá re àjò, ilé á di ilé èkúté. Tiyín yàtọ̀, ìyá olológìnní ló ń re àjò!

Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kó wọn bọ̀ ní Kétu? Ilé wa ò jìnnà sí Akaba Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ yẹn, yàrá òfìfo wà. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó máa gún abẹ́rẹ́ yín.

Bàbá Ológbò Mẹ́fà · 9:41

Àbúrò, o ṣeun, àmọ́ ṣé òkú àgbà Kétu lò ń sọ yìí? Pẹ̀lú ìlù, ìbọn ṣákabùlà, àti ọgọ́rùn-ún àlejò tó ń ṣílẹ̀kùn láìtì í? Dúdú á gba ojú fèrèsé lọ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ológbò tó sọnù ládùúgbò rẹ̀ lè gbóòórùn pa dà wálé. Èyí tó sọnù níbi tí kò mọ̀, ká má tan ara wa, àwọn kan ò rí i bí ohun ọ̀sìn. Ẹran ọbẹ̀ ni wọ́n rí.

Ará Kétu · 9:44

Òótọ́ ni. Mo gba ọ̀rọ̀ mi pa dà. Àbúrò ìyá mi ní ọ̀kan tó bá ayẹyẹ lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni Kan Ṣáá · 10:15

Ẹ tún ń ra insulin fún ológbò? Nígbà tí èèyàn ń wá owó oògùn? Èyí tó dúdú yẹn pàápàá, mi ò lè gbà á sílé mi láé. Kó máa ké lóru kí àwọn ará ilé máa sọ pé mo ti ń fò.

Ìyá Alàgbà · 10:32

Ẹ kú iṣẹ́, Ẹni Kan Ṣáá. Ẹ má gbà á. Mi ò tíì bẹ̀ yín. Ní ti owó, èmi ló ń jáde lápò mi.

Àmọ́ ẹ ti rán mi létí nǹkan kan: ẹni tó bá máa gba Dúdú, màá kọ́kọ́ bi í bóyá onílé rẹ̀ ń bẹ̀rù ológbò dúdú. Wọ́n ti lé mi kúrò nílé kan rí nítorí ìyẹn.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ · 11:20

Ẹ kú ọ̀fọ̀, ìyá. Tí iná bá lọ ńkọ́? Insulin ò fẹ́ ooru. Níbí ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìyá mi alátọ̀gbẹ máa ń fi tirẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, á gbé e sínú ìkòkò ńlá, á da iyanrìn tútù sí àárín méjèèjì, á fi aṣọ tútù bò ó. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń tutù débi tí ẹ máa rò pé yìnyín wà nínú rẹ̀.

Olùrànlọ́wọ́ Dókítà Ẹran · 11:48

Ọgbọ́n gidi ni, àmọ́ afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́: bí omi bá ṣe ń fẹ́ lọ lára iyanrìn ló ń gbé ooru lọ. Àjàṣẹ́ tiwa yìí wà létí ọ̀sà, afẹ́fẹ́ ibí kún fún omi, kò ní tutù tó ti Ṣábẹ̀ẹ́. Fírígò tí wọn ò bá ṣí ṣáá lè mú òtútù dúró fún bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí iná bá lọ. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ike omi dídì tí a fi aṣọ wé, kí insulin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó má fara kàn án. 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius ni ààyè rẹ̀. Èyí tó bá dì pẹ́nrẹ́n, ẹ jù ú nù, kódà tó bá ti yọ́ pa dà tójú rẹ̀ sì dà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àjàṣẹ́ (Djassin) · 13:05

Ìyá Alàgbà, ẹ kú ọ̀rọ̀ Bàbá. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ológbò kan ló wà lọ́dọ̀ mi, òun náà ti darúgbó. Kò sí ajá, kò sí ọmọ kékeré. Mo lè gba Alàgbà. Dúdú ni mi ò ní gbà, màá sì sọ ìdí rẹ̀.

Ológbò tó ní àìsàn ń wá ọwọ́ tó mọ oògùn. Ológbò tó ń bẹ̀rù ń wá ilé tó mọ̀. Èèyàn máa ń rò pé ibì kan náà ló yẹ kí wọ́n jọ wà torí pé ilé kan náà ni wọ́n ti wá. Dúdú nínú yàrá mi á fi ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ gbààwẹ̀, á tọ̀ sórí ẹní mi, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú yóò ti tó àkókò kó pa dà sílé. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú ilé yín, kí ẹnì kan máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ wá fún un lóúnjẹ, kó kó ìgbẹ́ rẹ̀, kó jókòó díẹ̀ láìwò ó lójú, kó máa lọ. Ẹ fi ìró tẹ́ ẹ ti ró, tẹ́ ẹ ò tíì fọ̀, sílẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún un. Ẹ gé ihò sára páálí kan kẹ́ ẹ gbé e sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà. Ẹni tí ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ fà á jáde.

Ní ti Alàgbà, èmi náà ní ohun tí mo fẹ́. Mo fẹ́ rí ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ti dìgbòlugi àti ti àwọn àrùn ológbò yòókù, torí ti èmi náà tó wà nílé. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé e wá lọ́jọ́ méjì ṣáájú ìrìn àjò, kí n gún un níṣojú yín. Iṣẹ́ èèyàn ni mo ṣe, awọ ẹ̀yìn ọrùn ológbò kì í ṣe ti èèyàn. Mo fẹ́ oúnjẹ tirẹ̀ gan-an, èyí tó ń jẹ lójoojúmọ́.

Màá jẹ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn. Ológbò àkọ́kọ́ tí mo gbà sílé, alátọ̀gbẹ ni òun náà. Mò ń jẹ àkàsà pẹ̀lú ẹja, ó ń wò mí, àánú ṣe mí, mo bù fún un. Mo tún bù fún un lọ́jọ́ kejì. Èmi nọ́ọ̀sì o! Àgbàdo lásán ni àkàsà, ṣúgà ló ń dà nínú ara rẹ̀. Nígbà tí olówó rẹ̀ dé, ó ń mu omi bí ẹni tó rin aginjù. Láti ìgbà náà, bí wọn ò bá kó oúnjẹ ológbò wá, mi ò gba ológbò.

Ìyá Alàgbà · 13:30

Ẹ̀gbọ́n mi, omi bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń ka èyí. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ìwé àjẹsára wà. Ọmọ àbúrò mi ń gbé ní Tokpota, ó lè máa wá wo Dúdú. Zẹmijáàn (ọ̀kadà) ni mo máa fi gbé Alàgbà wá, ṣé kò séwu?

Bàbá Ológbò Mẹ́fà · 13:52

Ẹ má fi àpò ìrẹsì gbé e o, mo mọ ohun tí mo fojú rí. Ooru ọ̀sán, àpò tí wọ́n so lọ́rùn, ológbò tó sanra. Apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ni, kẹ́ ẹ ti ṣí i sílẹ̀ nínú ilé láti òní kí wọ́n máa sùn sínú rẹ̀ kó má dà bí pańpẹ́ lójú wọn. Ẹ gbé e lé itan, ẹ fi aṣọ fúyẹ́ bò ó kó má máa rí mọ́tò. Àárọ̀ kùtù ló dáa.

Ìyàwó Tuntun Olológbò, Ìṣàkẹ́tẹ́ · 15:10

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yà bá yín díẹ̀. Dókítà ní ológbò mi ní FIV, kòkòrò àrùn tó ń ba agbára ìdènà àrùn ológbò jẹ́. Àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ ní àwọn ò lè gbà á, pé éèdì ni, á ràn wọ́n. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Olùrànlọ́wọ́ Dókítà Ẹran · 15:36

Kì í ran èèyàn rárá. Láàárín ológbò, ìjà ló máa ń gbé e kiri, nígbà tí ọ̀kan bá gé èkejì jẹ wọnú ẹran. Yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀ ti tó. Èyí tó yẹ kí wọ́n máa bẹ̀rù abọ́ nítorí rẹ̀ ni FeLV, kòkòrò àrùn ológbò mìíràn, torí pé itọ́ ló ń gbé e, bí ológbò ṣe ń lá ara wọn tàbí tí wọ́n jọ ń jẹun pọ̀. Ìyẹn náà kì í ran èèyàn. Ṣùgbọ́n ti FIV tiyín, ọ̀fìnkìn ológbò mìíràn lè wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀yin lẹ máa bi wọ́n bóyá àwọn tó kù níbẹ̀ ń sín.

Bàbá Ológbò Mẹ́fà · 16:20

Mo rántí nǹkan méjì kí n tó lọ kírun. Ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ dárí jì mí bẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n. Ológbò akọ tó bá ń wọ inú iyanrìn tó máa ń tọ̀ sí, tó ń lọ́ra, tó ń ké, tí iyanrìn náà gbẹ nígbà tó bá kúrò, ìtọ̀ rẹ̀ ti dí. Ẹ má dúró di ọ̀la. Ìkejì ni paracetamol. Ara ológbò kò lè tú u. Hóró kan ti 500 lè pa á, èrìgì rẹ̀ á pọ́n bí omi kọfí. Ilé onínọ́ọ̀sì ló yẹ kí n ti sọ èyí, torí oògùn èèyàn pọ̀ níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 16:41

Mo mọ ti paracetamol. Ti ìtọ̀ yẹn ni mi ò mọ̀. Mo ti kọ ọ́.

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ · 17:02

Tí ọmọ Tokpota yẹn bá jàjà fọwọ́ kan Dúdú tó sì gé e jẹ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 17:15

Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí aago, kì í ṣe kó kàn ṣan ọwọ́. Lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ìwé àjẹsára Dúdú lọ́wọ́. Eyín ológbò tín-ín-rín, ó ń gbé ìdọ̀tí lọ sísàlẹ̀, ojú ọgbẹ́ á sì pa dé. Lọ́jọ́ kejì ni ọwọ́ á wú.

Ìyá Alàgbà · Ọjọ́rú, 20:10

Mo ti gbé Alàgbà dé Djassin fún ìdánwò. Ẹ̀gbọ́n gún un, kò tilẹ̀ gbórí sókè nínú abọ́. Mo kọ ìwé kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fírígò wọn, mo sì fi ẹ̀dà kan fún dókítà. Ohun tó wà níbẹ̀: aago méje méjèèjì, iye ìlà, ibi tí a gún lánàá kí wọ́n má gún ibẹ̀ lónìí, bó ṣe máa ń jẹun tán ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bó ṣe máa ń tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo kọ ọ́ pé bí kò bá jẹun, kí wọ́n pe dókítà kí wọ́n tó fọwọ́ kan insulin. Mo tún fi owó sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, mo sì fọwọ́ sí i pé bí mi ò bá gbé fóònù, kí ẹ̀gbọ́n pinnu. Nínú ilé òkú, ta ló ń gbọ́ fóònù?

Ìyá Alàgbà · ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú, 18:25

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A sin Bàbá, ó dùn, ó kan, ẹ ṣeun.

Ọjọ́ kẹrin ni Alàgbà kọ oúnjẹ alẹ́. Fóònù mi wà nínú àpò ẹlòmíì, mi ò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ka ìwé, ó pe dókítà, dókítà ní kó fo abẹ́rẹ́ alẹ́ yẹn, kó máa ṣọ́ ọ. Ológbò tó sanra kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ pẹ́, ọ̀rá ara rẹ̀ á ya lu ẹ̀dọ̀, ìyẹn ló fi sọ pé bó bá tún kọ tàárọ̀, kó gbé e bọ̀. Ẹ̀gbọ́n ò sùn. Ní bí aago mọ́kànlá ló fura pé aládùúgbò wọn ti mú ajá tuntun wá, abẹ́ fèrèsé yàrá yẹn gan-an ni wọ́n so ó mọ́. Ó gbé ológbò, abọ́ àti iyanrìn lọ sí yàrá tara rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Nígbà tó fi máa di aago márùn-ún ìdájí, ọ̀gbẹ́ni ti ń lá abọ́.

Dúdú? Ọmọ Tokpota ní ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, ojú méjì tó ń tàn nínú páálí nìkan lòun rí. Àmọ́ oúnjẹ ń tán, iyanrìn ń rin. Ó ní òun rò pé ẹ̀mí lòun ń bọ́.

Ìṣòro tó kù ni pé ẹ̀gbọ́n ò gba owó tí a jọ fẹnu kò lé lórí. Ó ní ti òkú Bàbá ni. Kí ni mo lè fún un?

Ọmọ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́ · 18:40

Iṣu. Màá bá yín ra èyí tó dáa níbí, màá fi sínú mọ́tò. Ẹni tó gún ológbò lábẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹtàdínlógún láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, iṣu Ṣábẹ̀ẹ́ ló tọ́ sí i.

Nọ́ọ̀sì Àgbà · 18:52

Mo gba iṣu.